Ta Ló Sọ Ọ̀nà fún Ẹ̀rọ? Ìtàn Ẹ̀rọ Atọ́nà Orí Kẹ̀kẹ́

Ẹni tó bá kúrò nílé bí tiwa yìí, ọ̀rọ̀ ọ̀nà kò lè ṣàjèjì sí i. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a jọ wo ìtàn ohun kékeré kan tó ti wọ ilé púpọ̀ nínú wa, ìyẹn ẹ̀rọ atọ́nà tí àwọn ọmọ wa ń so mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́.

Ohun tó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí kò ju báyìí lọ. Ní ọjọ́ Sátidé kan, èmi àti ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, gun kẹ̀kẹ́ jáde lọ sí ìgbèríko Kent. A kò jókòó ya ipa ọ̀nà wa sílẹ̀ kí a tó jáde. Ibi tí a ń lọ nìkan ni a sọ fún ẹ̀rọ, a sì fi ìyókù lé e lọ́wọ́. Ohun gbogbo ń lọ déédéé títí ó fi ní kí a yà sí ọwọ́ òsì. A yà. Kò pẹ́ tí ọ̀dà títì fi tán, ọ̀nà di ilẹ̀, ilẹ̀ sì di ẹrẹ̀ tó mu táyà wa dé ìdajì. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń mú ajá rẹ̀ rìn ló rí wa. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì júwe ọ̀nà títì fún wa. Ìgbà tí a délé ni mo tó rí i pé èmi ni mo jẹ̀bi. Mo ti ṣètò ẹ̀rọ náà bí ẹni pé kẹ̀kẹ́ inú igbó ni a gùn, kì í ṣe ti ojú títì. Ohun tí mo ní kó wá ló wá fún mi.

Níbi tí a ti ń fọ ẹrẹ̀ kúrò lára kẹ̀kẹ́ ni ọmọ náà ti bi mí pé, "Dádì, ta ló tiẹ̀ sọ ọ̀nà fún ẹ̀rọ yìí?" Mo dákẹ́. Mo mọ̀ ọ́n lò, n kò mọ ìtàn rẹ̀. Àwọn àgbà wa ní abéèrè kì í ṣìnà, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Ohun tí mo rí ni mo kó wá fún yín yìí.

ÌGBÀ TÍ KẸ̀KẸ́ KỌ́ ÌṢIRÒ

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1817, ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan tó ń jẹ́ Karl von Drais gun igi oníwíìlì méjì kan jáde ní ìlú Mannheim. Igi náà kò ní pẹ́dàlì. Ẹsẹ̀ ni ó fi ń ti ilẹ̀. Ní 1885, John Kemp Starley ṣe kẹ̀kẹ́ Rover ní ìlú Coventry. Wíìlì rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣéènì ló sì ń yí wíìlì ẹ̀yìn. Òun ni bàbá kẹ̀kẹ́ tí a ń gùn títí dòní. Ní 1888, John Boyd Dunlop, dókítà ẹran kan ní ìlú Belfast, ṣe táyà tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí, ara sì bẹ̀rẹ̀ sí í tu àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́.

Kò pẹ́ tí kẹ̀kẹ́ fi dé ilẹ̀ wa. Àwọn tó dàgbà nínú wa mọ kẹ̀kẹ́ Raleigh tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Nottingham nígbà yẹn dáadáa. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni a ń pè é. Tíṣà a gùn ún lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, àwọn tó ń ra kòkó a gùn ún wọ abúlé, ẹni tó bá sì ra tuntun, àwọn ọmọdé á sáré tẹ̀ lé e. Àmọ́ kẹ̀kẹ́ yẹn kò mọ̀nà, kò sì mọ bí ibi tó ti ń bọ̀ ti jìnnà tó. Ẹni tó ń gùn ún ló mọ̀ ọ́n. Igi ìrókò, odò, oríta àti ọjà ni àmì ọ̀nà, ẹnu àwọn tí a bá lójú ọ̀nà sì ni máàpù.

Ní ìlú Hartford ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Curtis Veeder gbé ẹ̀rọ kékeré kan jáde ní 1895, tí wọ́n ń so mọ́ ìdí wíìlì iwájú. Irin kékeré kan wà lára sípóòkì. Nígbàkígbà tí wíìlì bá yí lẹ́ẹ̀kan, irin yìí á ta eyín ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀kan, òǹkà inú rẹ̀ á sì sún. Ọgbọ́n inú rẹ̀ kò le: bí a bá mọ gígùn ilẹ̀ tí wíìlì ń jẹ ní yíyí kan, tí a sì mọ iye ìgbà tó yí, a ti mọ bí a ti rìn tó. Láàárín ọdún 1980 sí 1989, àwọn ilé-iṣẹ́ bíi CatEye ti ìlú Osaka ní Jàpáànì fi òòfà àti kọ̀ǹpútà kékeré rọ́pò eyín irin yẹn. Òòfà wà lára sípóòkì, etí ẹ̀rọ wà lára irin tó di wíìlì mú. Bí òòfà bá ti kọjá, ẹ̀rọ ti kà á. Eré tí a ń sá a sì hàn lójú rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ yìí kò tíì lè sọ ọ̀nà fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ tó mọ̀ pé a ti rin máìlì mẹ́wàá kò mọ̀ bóyá ìlà-oòrùn ni a kọjú sí tàbí ìwọ̀-oòrùn.

ÌWÉ Ọ̀NÀ, ÀTI ÀWỌN TÍ WỌ́N TI ÌLẸ̀KÙN MỌ́

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ rìnrìn àjò dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1878, èyí tó wá di Cyclists' Touring Club. Wọ́n ri pátákó mọ́ orí òkè tó bá dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má bàa ṣubú. Wọ́n kọ orúkọ ilé tí arìnrìn-àjò lè sùn sí sínú ìwé, wọ́n sì ń ran àwọn tó ń ṣe máàpù lọ́wọ́. Kò sí mọ́tò lójú títì nígbà náà. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ pariwo pé kí ìjọba tún ọ̀nà ṣe. Bákan náà ló rí ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ League of American Wheelmen sílẹ̀ ní 1880, ní ìlú Newport ní ìpínlẹ̀ Rhode Island. Ẹgbẹ́ náà tẹ ìwé ọ̀nà fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́, pẹ̀lú bí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ti jìnnà tó àti bó ti le tó.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí o. Ní 1894, ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà yìí kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀ pé aláwọ̀ funfun nìkan ni ó lè wọ ẹgbẹ́. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní 1899, Marshall Taylor, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Major Taylor, ọmọ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí ní Indianapolis ní 1878, di akọni àgbáyé nínú eré kẹ̀kẹ́ ní ìlú Montreal ní Kánádà. Òfin tó ti aláwọ̀ dúdú sẹ́yìn ṣì wà nínú ìwé ẹgbẹ́ nígbà tí ọmọ aláwọ̀ dúdú fi kẹ̀kẹ́ ṣẹ́gun ayé. Ọdún 1999 ni ẹgbẹ́ tó jogún ti àtijọ́ yẹn tó fagi lé òfin náà ní gbangba.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ lásán ni. Ẹni tí a kò fún ní ìwé ọ̀nà, a ti fi ewu fún un. Ní 1936, Victor Hugo Green, aláwọ̀ dúdú kan tó ń pín lẹ́tà, tó sì ń gbé ní Harlem ní New York, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé kan tí wọ́n wá mọ̀ sí Green Book. Ó to orúkọ ilé oúnjẹ, hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé epo tó ń gba aláwọ̀ dúdú sínú rẹ̀. Wọ́n ń tẹ ìwé náà títí di àárín ọdún 1960 sí 1969. Máàpù gbogbo ayé lè fi títì hàn. Kò lè sọ ibi tí wọ́n ti máa lé ọ fún ọ. Àwọn tí ìyà ti jẹ lójú ọ̀nà ló lè sọ ọ́, wọ́n sì sọ ọ́ fún ara wọn.

ÌRÀWỌ̀ TÍ ỌMỌ ÈNÌYÀN ṢE

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá 1957, ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì ta Sputnik sójú ọ̀run, sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ tí ọmọ ènìyàn ṣe. Ó ń ké pí-pí-pí lórí rédíò. Ní ilé ìwádìí kan ti Yunifásítì Johns Hopkins ní Maryland, ọ̀dọ́mọkùnrin méjì, William Guier àti George Weiffenbach, gbé etí sí igbe náà. Ẹ mọ bí fèrè mọ́tò ṣe máa ń han bó bá ń bọ̀, tí ohùn rẹ̀ á sì wálẹ̀ bó bá ti kọjá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ohùn Sputnik ń ṣe. Láti inú àyípadà ohùn yìí ni wọ́n ti ṣírò ibi tó wà. Ọ̀gá wọn, Frank McClure, wá yí ọ̀rọ̀ padà: bí ẹni tó dúró sójú kan bá lè mọ ibi tí sátẹ́láìtì wà, ẹni tó bá mọ ibi tí sátẹ́láìtì wà á lè mọ ibi tí òun náà dúró. Láti inú ọ̀rọ̀ yìí ni ètò Transit ti jáde, tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1964.

Ní oṣù Kejìlá 1973, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ètò tuntun tí a mọ̀ sí GPS. Bradford Parkinson, ọ̀gágun nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú, ló ṣáájú àwọn tó pa ọgbọ́n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pọ̀, títí kan èyí tí Roger Easton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe sílẹ̀ fún ọmọ ogun ojú omi. Wọ́n ta sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ nínú ètò yìí sókè ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì 1978.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Àwọn sátẹ́láìtì yìí ń yí ayé po ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà sókè, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Aago tó péye gan-an wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa kéde pé, "Èmi nìyí, ibi tí mo wà nìyí, agogo báyìí ni mo sọ̀rọ̀." Ẹ̀rọ orí kẹ̀kẹ́ kò bá wọn sọ nǹkan kan, gbígbọ́ ni ó ń gbọ́. Bó bá ti mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ kúrò lọ́dọ̀ sátẹ́láìtì àti ìgbà tó dé, ó ti mọ bí sátẹ́láìtì ti jìnnà tó, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ń sáré 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Sátẹ́láìtì mẹ́rin ni ó gbọ́dọ̀ gbọ́: mẹ́ta fún ibi tí a wà, ìkẹrin láti tún aago tirẹ̀ ṣe, nítorí aago olówó pọ́ọ́kú ló wà nínú ẹ̀rọ wa. Bí aago bá fi ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá ṣìnà, ibi tí a wà á yẹ̀ ní nǹkan bí 300 mítà. Ohun tí Einstein sọ nípa àkókò pàápàá wọ̀ ọ́. Aago tó wà lókè lọ́hùn-ún ń fi ìdá 38 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá yára ju ti ilẹ̀ lọ lójoojúmọ́. Bí wọn kò bá bá a ṣírò rẹ̀, láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, àṣìṣe á ti ju 10 kìlómítà lọ.

Ọ̀rọ̀ ṣì kù. Láti sọ ibi tí ènìyàn wà lórí ilẹ̀, a gbọ́dọ̀ mọ bí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti rí. Ayé kì í ṣe bọ́ọ̀lù tó dán. Ó wú níhìn-ín, ó rì lọ́hùn-ún. Níbí ni mo ti pàdé orúkọ tí mo fẹ́ kí gbogbo ọmọbìnrin inú ẹgbẹ́ wa mọ̀: Gladys West. Ọdún 1930 ni wọ́n bí i, ní ìgbèríko Virginia, sínú ìdílé àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú, nígbà tí òfin ṣì ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun. Ó kàwé gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó sì kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò. Ní 1956 ló wọ iṣẹ́ ní ibùdó ọmọ ogun ojú omi ní Dahlgren. Aláwọ̀ dúdú mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀ nígbà náà. Ọdún méjìlélógójì ló fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, títí di 1998. Ó ń kọ ètò sínú kọ̀ǹpútà ńláńlá ìgbà náà, ó ń fi ohun tí sátẹ́láìtì bíi Seasat àti GEOSAT wọ̀n láti òkè ṣírò bí ayé ti rí gan-an. Irú iṣẹ́ yìí ni GPS dúró lé lórí. Ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́ ni ayé tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ní 2018 ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn aṣáájú nínú iṣẹ́ ojú ọ̀run. Òun nìkan kọ́ ló ṣe GPS, kò sì sí ẹnì kan tó dá a ṣe. Àmọ́ ẹ fi èyí wé òfin 1894 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan: orílẹ̀-èdè tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ti kọ aláwọ̀ dúdú sẹ́yìn ni ọmọ aláwọ̀ dúdú ti bá wọn ṣírò ilẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ gbogbo ayé ń tẹ̀.

ỌKỌ̀ ÒFURUFÚ TÓ ṢÌNÀ

Fún ológun ni wọ́n ṣe GPS. Báwo ló ṣe wá dé ọwọ́ wa? Ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìtàn náà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án 1983, ọkọ̀ òfurufú Gúúsù Kòríà kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 007 tó ti gbéra ní Anchorage ní Alaska ń lọ sí Seoul. Ó yà kúrò lọ́nà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi wọ ojú ọ̀run ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ ogun kan yìnbọn lù ú nítòsí erékùṣù Sakhalin. Gbogbo ènìyàn 269 tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Láàárín oṣù yẹn ni ìjọba Ààrẹ Reagan kéde pé bí GPS bá ti parí, ọkọ̀ òfurufú ará ìlú gbogbo ayé á lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí ni ohun tí ICAO, àjọ àgbáyé tó ń mójú tó ọkọ̀ òfurufú, sọ nígbà tó parí ìwádìí rẹ̀ ní 1993. Ẹ̀rọ atọ́nà tó dára wà nínú ọkọ̀ náà. Àwọn awakọ̀ ló fi ọkọ̀ sílẹ̀ lórí ètò tó kàn ń tẹ̀ lé ìhà kan ṣoṣo, tí kò gba àṣẹ lọ́dọ̀ ẹ̀rọ atọ́nà, wọn kò sì fura ní gbogbo wákàtí tí wọ́n fi ń fò. Ẹ̀rọ kò ṣìnà. Ètò tí wọ́n ṣe fún un ni kò pé. Nígbà tí mo ka èyí, mo rántí ẹrẹ̀ Kent, ara mi sì bù máṣọ. Ẹrẹ̀ ni tèmi. Ẹ̀mí 269 ni tiwọn. Àmọ́ irú àṣìṣe kan náà ni.

Ní 1995, wọ́n kéde pé GPS ti pé pérépéré, sátẹ́láìtì 24. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni àtùpà ló mọ bí òun ṣe fẹ́ kí iná rẹ̀ tàn tó. Àwọn ológun mọ̀ọ́mọ̀ ń da ọ̀rọ̀ tí ará ìlú ń gbọ́ rú, tó bẹ́ẹ̀ tí ibi tí ẹ̀rọ bá sọ pé a wà fi lè fi nǹkan bí 100 mítà yẹ̀. Lójú òkun, èyí kò burú. Nínú ìlú, àdúgbò mìíràn ni. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún 2000, Ààrẹ Clinton pàṣẹ pé kí wọ́n dẹ́kun rẹ̀, lóru ọjọ́ yẹn ni gbogbo ẹ̀rọ ayé sì ríran dáadáa láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn kò fẹ́ gbára lé àtùpà ẹlòmíràn. Rọ́ṣíà ní GLONASS, Yúróòpù ní Galileo tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2016, Ṣáínà sì parí BeiDou ní 2020. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kẹ̀kẹ́ òde òní ń gbọ́ ju ẹyọ kan lọ nínú wọn.

BÍ Ó ṢE DÉ ORÍ KẸ̀KẸ́, ÀTI BÍ ÀWỌN ARÁDÙÚGBÒ ṢE YA MÁÀPÙ

Ní 1989, Gary Burrell àti Min Kao dá ilé-iṣẹ́ tó di Garmin sílẹ̀ ní Kansas. Àárín ọdún 2000 sí 2009 ni Garmin gbé ẹ̀rọ Edge jáde fún orí kẹ̀kẹ́. Ọgbọ́n òǹkà Veeder àti ọgbọ́n ìràwọ̀ àtọwọ́dá wá pàdé nínú páálí kan ṣoṣo. Nígbà tó yá, máàpù aláwọ̀ mèremère wọ inú rẹ̀. Ní 2016, ilé-iṣẹ́ Wahoo náà gbé tirẹ̀, ELEMNT, jáde.

Ṣùgbọ́n máàpù ta ni? Sátẹ́láìtì lè sọ ibi tí o wà. Kò lè sọ bóyá títì ni o dúró lé tàbí odò. Ní 2004, ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Steve Coast bẹ̀rẹ̀ OpenStreetMap, nítorí pé owó gọbọi ni wọ́n ń gbà nígbà náà lórí ohun tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń ya máàpù. Àwọn olùfẹ́-inú gun kẹ̀kẹ́ káàkiri àdúgbò pẹ̀lú ẹ̀rọ GPS lára. Ẹ̀rọ ń fi ipa sílẹ̀ bí ìgbín, àwọn náà ń kọ orúkọ òpópónà sínú ìwé. Bí wọ́n bá délé, wọ́n á yà á. Ní oṣù Karùn-ún 2006, ogunlọ́gọ̀ wọn ya bo Isle of Wight ní òpin ọ̀sẹ̀ kan láti ya ọ̀nà erékùṣù náà. Lónìí, inú iṣẹ́ ọ̀fẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ máàpù tó wà lórí kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ wa ti wá. Kẹ̀kẹ́ ló ya máàpù tí kẹ̀kẹ́ ń tẹ̀ lé.

Ẹ jẹ́ kí a fi ti ilé kún un. Bí ẹ bá ṣí máàpù yìí wo abúlé ìyá yín, ẹ lè bá ilé níbẹ̀ láìsí orúkọ, ẹ sì lè bá ọ̀nà tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ. Kì í ṣe pé ọ̀nà náà kò sí láyé. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ni kò tíì sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni lè forúkọ sílẹ̀ kó sì kọ ohun tó mọ̀ sí i, àyè sì wà fún orúkọ ní èdè Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn orí rẹ̀. Àgbà tó mọ ìdí tí wọ́n fi ń pe oríta kan ní orúkọ tó ń jẹ́ kò ní wà pẹ̀lú wa títí ayé. Ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà wà ní yàrá kejì. Kí àwọn méjèèjì jókòó pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe.

BÍ A ṢE Ń ṢÈTÒ RẸ̀ KÍ A TÓ JÁDE

Ohun tí mo ti fara gbá, ẹ má ṣe jẹ́ kó tún ṣẹlẹ̀ sí yín. Ẹ gba agbára sí bátìrì lálẹ́. Bí ẹ̀rọ bá ń lo òòfà tàbí etí ìdí wíìlì, ẹ wọn yíyí wíìlì dáadáa: ẹ fi ẹfun sàmì sára táyà, ẹ ti kẹ̀kẹ́ síwájú títí àmì yóò fi tún kan ilẹ̀, kí ẹ sì wọn àárín méjèèjì. Táyà 700×25 máa ń jẹ nǹkan bí 2,105 mílímítà. Bí ẹ bá fi 50 mílímítà péré lé e, nínú ìrìn 100 kìlómítà, ẹ̀rọ á fi ohun tó ju 2 kìlómítà lọ purọ́ fún yín.

Ẹ wò ó bóyá máàpù orílẹ̀-èdè tí ẹ wà ló wà nínú rẹ̀. Ẹ wo irú kẹ̀kẹ́ tí ẹ sọ fún un pé ẹ ń gùn, nítorí èyí ni yóò fi yan ọ̀nà. Ó sàn kí ẹ ya ipa ọ̀nà yín sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù, kí ẹ fi ojú ara yín tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sínú ẹ̀rọ. GPX ni orúkọ irú ìwé tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lè kà. Láti 2002 ló ti wà. Bí ẹ bá jáde, ẹ dúró níta gbangba fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí ó gbọ́ sátẹ́láìtì tán, nítorí pé ilé gíga àti igi dídí máa ń dà á láàmú. Bó bá ké pé ẹ ti kúrò lọ́nà, ẹ kọ́kọ́ dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì kí ẹ tó wò ó. Kò sí ẹ̀rọ tó tó ẹ̀mí.

Ẹ sì tún mú máàpù oníwèé dání. Gladys West fúnra rẹ̀ ti sọ fún àwọn oníròyìn pé òun ṣì fẹ́ràn máàpù oníwèé. Bí ẹni tó bá wọn ṣírò ayé bá sọ bẹ́ẹ̀, kí ni tiwa?

ÌDÁHÙN

Mo padà sọ́dọ̀ ọmọ mi. Mo sọ fún un pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sọ ọ̀nà fún ẹ̀rọ náà. Ẹni tó ka yíyí wíìlì wà níbẹ̀, àti ẹni tó gbọ́ igbe Sputnik. Ìyá tó ṣírò ayé ní ibi tí wọn kò ti ń ka irú rẹ̀ sí wà níbẹ̀. Àwọn olùfẹ́-inú tó kọ orúkọ òpópónà sínú ìwé nínú òjò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn 269 tí kò délé náà ní ìpín tiwọn. Ó rò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ẹ gbàgbé bàbá alájá yẹn, Dádì."

Òótọ́ ló sọ. Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, a tún ẹ̀rọ ṣètò, a sì padà lọ sí ọ̀nà náà. A kò rí bàbá náà. Àmọ́ ọmọ mi dúró ní oríta tí a ti ṣìnà, ó kọ ọ́ sórí fóònù rẹ̀ pé ẹrẹ̀ ni ọ̀nà òsì lẹ́yìn òjò, ó sì fi ránṣẹ́ sórí máàpù kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ̀.

Kí ọ̀nà wa má dí, kí ẹsẹ̀ wa má sì ṣìnà o. Àṣẹ.